Awò Méjì àti Ojú Rùfáì

Fọ́tò kan ṣoṣo ni Rùfáì yà kó tó kú. Òjò jò sí i lára ògiri, fọ́tò náà sì lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù pátápátá. Ẹni tó bá ní òun yóò yọ ọ́, ojú òkú ni yóò ya dànù. Àbẹ̀ẹ́bí aláró, ìyàwó rẹ̀, gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi l'Ọ́wọ̀ nítorí Lábísí, ọmọ tó wà nínú oyún nígbà tí Rùfáì kú. Lábísí ń lọ sílé ọkọ ní Ìdóàní ní Sátidé ìparí oṣù. Férémù ò ní bá a lọ, ilé ìyá rẹ̀ ni yóò wà, ṣùgbọ́n Lábísí fẹ́ mú ẹ̀dà kan dání.

Mo yà á lẹ́ẹ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé dán sórí gíláàsì, ó bo ojú ọkùnrin náà. Fíìmù kan ṣòfò. N kò fẹ́ràn òfò.

Ẹ̀kọ́ kẹsàn-án nínú ẹ̀kọ́ fọ́tò yíyà tí mo ń gbà láti ìlú òyìnbó nípasẹ̀ lẹ́tà sọ̀rọ̀ nípa awò kan tí a ń dé sójú kámẹ́rà láti pa irú dídán bẹ́ẹ̀. Mo kọ̀wé sí oníṣòwò kan l'Ékòó. Ó fi méjì ránṣẹ́, ó ní kí n mú ọ̀kan, kí n dá èkejì padà. Méjèèjì wọ ẹnu kámẹ́rà mi. Méjèèjì ní àwọ̀ eérú. Ọ̀kan kàn dúdú ju èkejì lọ ni. Kò kọ orúkọ sí ìkankan.

"Mú èyí tó dúdú, Boniface," ni Àbẹ̀ẹ́bí wí. "Aṣọ tó bá mu aró dáadáa ni kì í tètè ṣá."

"Ìyá Lábísí, èyí kì í ṣe aṣọ."

"O ti rẹ ẹ́ láró wò ni?"

N kò tíì mọ èyí tó tọ́ nínú méjèèjì, n kò sì ní fi fíìmù wádìí. Mo bu omi sí bàsíà, mo ju kọ́kọ́rọ́ mi sí i, mo gbé e síta. Oòrùn ń dán lójú omi. Kọ́kọ́rọ́ ò hàn. Mo gbé awò tó dúdú sójú, mo yí i. Gbogbo nǹkan ṣókùnkùn bákan náà, dídán ṣì wà. Mo gbé èkejì. Bí mo ṣe ń yí i, dídán náà ń dín kù, títí kọ́kọ́rọ́ fi yọ nísàlẹ̀ omi pẹ̀lú ìpẹtà ara rẹ̀.

Àbẹ̀ẹ́bí gba awò náà lọ́wọ́ mi. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Omi ò kúrò níbẹ̀," ó wí. "Ibo wá ni dídán gbà lọ?"

"Ẹ̀kọ́ kẹsàn-án ò tíì yé mi tó bẹ́ẹ̀."

"Kí ni mẹ́jọ tó ṣáájú wá wà fún?"

A padà wọlé. Mo dé awò sí kámẹ́rà, mo kọjú sí férémù gan-an. Mo yí i títí, funfun ìmọ́lẹ̀ náà ò lọ. Mo rò pé mo ti ṣì í mú. Ìgbà náà ni mo rántí pé ẹ̀gbẹ́ la ti wo omi, a ò dúró lé e lórí. Mo sún kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́, mo tún un yí. Funfun lọ. Ojú Rùfáì méjèèjì là sí mi.

"Bí mo bá yà á láti ẹ̀gbẹ́, ojú rẹ̀ yóò tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀," mo wí.

"Yà á bẹ́ẹ̀."

Ní Jímọ́ọ̀, nígbà tó ku ọ̀la kó lọ, Lábísí fúnra rẹ̀ wá gba fọ́tò pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Ṣé bí ojú bàbá mi ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó nìyí?"

"Ojú rẹ̀ gbòòrò ju báyìí lọ," ni ìyá rẹ̀ wí.

Mo sọ fún Lábísí pé ibi tí mo dúró sí ló fà á, pé bí ó bá lè dúró di Mọ́ńdè, n ó tún un yà. Lábísí fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, tó tẹ́ẹ́rẹ́.

"Ẹ má tún un yà," ó wí. "Ó jọ mí."