Bàbá Onílé Ní Àyè Wà

Ẹ̀gbọ́n mi, aago méjì ọ̀sán Sátidé ni mo sùn lọ nídìí kọ̀ǹpútà, mo sì bá ara mi nínú rẹ̀. Ilé oníyàrá mélòó kan ni. Mi ò kà á. Àwọn iṣẹ́ tí mo ṣí sílẹ̀ ló di ayálégbé. Gbogbo ẹni tó bá kanlẹ̀kùn ni bàbá onílé ń dá lóhùn pé, "Wọlé, àyè wà." Ẹni tó bá sùn, wọ́n á gbé e tòun tẹní lọ sínú àká ẹ̀yìnkùlé, kí ẹlòmíràn lè ráyè.

Ṣùgbọ́n gbogbo wọn jí pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń wọ́ ẹnì kan wọlé ni wọ́n ń wọ́ ẹlòmíràn jáde, orí ń fọ́ mọ́ ògiri, títí àká náà fi kún.

Bàbá onílé yọ àdá. "Ẹni tó sanra jù ni n ó pa, kí ìyókù lè mí."

Ó yíjú sí mi. Orí kẹta ìwé àṣekágbá mi ni mo pọ̀n sẹ́yìn, ó sanra bí ọmọ màlúù, ó ń jẹ iṣu.

"Bàbá, ẹ ní àyè wà. Mi ò tí ì fi orí kẹta yìí pamọ́ síbì kankan."

"Ọmọ mi, ta ni kì í sọ fún àlejò pé àyè wà?"

Àdá balẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo jí. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ geere, orí kẹta kò sì sí níbẹ̀.