Àna Tó Gbá Bàbá Ìyàwó Rẹ̀ Lẹ́yìn

Kò sí ẹni tó lè sọ pé Ẹ-jọ̀ọ́-sà kì í ṣe ọmọlúàbí. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí obìnrin náà sọ ni pé ìwà ọmọlúàbí ọkọ òun ti sú òun, ó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀.

Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé gíláàsì ni wọ́n ti sọ ọkùnrin náà lórúkọ yẹn, nítorí kò jẹ́ ṣí fèrèsé láì kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá. Nígbà tí òrùlé yàrá rẹ̀ ń jò, ó kọ lẹ́tà sí onílé pé kó jọ̀ọ́ fún òun láyè láti dí ihò náà. Onílé kò fèsì. Oṣù mẹ́ta gbáko ni òjò fi ń kán sí ìyàwó rẹ̀ níwájú orí, tí òun sì ń retí èsì. Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà, àmọ́ ẹni tí òjò ń pa lórí ibùsùn kò bìkítà ẹni tó jẹ́ baba ìwà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó lọ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí ìyàwó òun padà wálé. Ó bá bàbá ìyàwó rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, nídìí oúnjẹ. Ó kí i títí, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n ní kó jókòó. Kò sẹ́ni tó ní kó jókòó.

Bàbá sọ odidi ẹyin sísè kan sẹ́nu, nítorí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ń kán an lójú. "Ìwọ ọkùnrin yìí, ọmọ mi ò ní bá ẹ padà. Àkọ́kọ́, o ò..."

Ẹ-jọ̀ọ́-sà dúró kó gbọ́ àkọ́kọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn mú, ẹyinjú rẹ̀ yọ síta, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ láìsí ohùn, láìsí ikọ́.

Lọ́dọọdún ni nọ́ọ̀sì kan máa ń wá kọ́ wọn níbi iṣẹ́ ní ohun tí wọn yóò ṣe bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi ẹni tí kò lè mí bóyá nǹkan há a lọ́fun, kí wọ́n sì gba àyè kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ẹ-jọ̀ọ́-sà fẹ́ràn apá ibẹ̀ yẹn ju gbogbo ìyókù lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé nǹkan ló há yín lọ́fun? Ṣé mo lè ràn yín lọ́wọ́?"

Bàbá fi ọwọ́ lu tábìlì. Ẹ-jọ̀ọ́-sà kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, nítorí náà ó tún bèèrè.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ sáré gbé omi wá.

"Ẹ má fún wọn lómi, mà, ẹ jọ̀ọ́. Kò ní ríbi gbà."

Ẹ-jọ̀ọ́-sà tẹ bàbá síwájú, ó fi ọwọ́ kan gbé àyà rẹ̀ ró, ó sì fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kejì gbá a láàárín ẹ̀yìn. Gbígbá náà kò lè pa eṣinṣin. "Ẹ má bínú, sà." Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì. "Ẹ má bínú, sà."

Ètè bàbá ti ń dúdú. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó ba Ẹ-jọ̀ọ́-sà, ẹ̀rù gidi. Bí bàbá bá kú mọ́ òun lọ́wọ́, ìyàwó òun kò ní padà wálé mọ́ láéláé.

Ìyàwó náà jáde láti yàrá. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

"Gbá bàbá mi!"

"Ṣé kí n..."

"Mo ní kí o gbá bàbá mi, jàre!"

Ẹ-jọ̀ọ́-sà gbá a. Ẹ̀kẹta dún débi pé aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé. Ó gbá ẹ̀kẹrin, ó gbá ẹ̀karùn-ún, ẹyin kò mira. Ló bá bọ́ sẹ́yìn bàbá, ó fọwọ́ yí i ká, ó di ìkúùkù sókè ìdodo rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì bò ó, ó sì fà á wọnú lọ sókè. Nígbà tó fà á lẹ́ẹ̀kẹta, ẹyin fò jáde, ó bà lé ìwé ìròyìn tó wà lórí tábìlì.

Bàbá mí, ó tún mí.

"Ta ló lù mí báyìí?"

Ìyá nàka sí àna rẹ̀. Ìyàwó náà nàka. Aládùúgbò tí kò sẹ́ni tó bi í náà nàka.

"Èmi ni, sà. Ẹ dìde, ilé ìwòsàn là ń lọ."

"Mi ò lọ síbì kankan. Ara mi le."

"Ẹni tí wọ́n bá fà níkùn báyẹn, dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, torí inú lè ti fara pa. Ẹ wọ bàtà yín, sà. Mi ò bi yín léèrè."

Bàbá wọ bàtà.

Dókítà ní kò sí nǹkan tó ṣe inú rẹ̀, pé kó máa gé ẹyin kó tó jẹ ẹ́. Ní ọ̀sán, Ẹ-jọ̀ọ́-sà fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé gbogbo wọn padà sẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn àna rẹ̀. Ìyá sọ̀ kalẹ̀. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn, ó wo ọmọ rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì wọlé.

Ìyàwó Ẹ-jọ̀ọ́-sà kò sọ̀ kalẹ̀. Ó na ọwọ́, ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí ìyá rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Ẹ-jọ̀ọ́-sà la ẹnu láti bi í ní nǹkan. Ó rò ó wò, ó sì wa ọkọ̀ lọ sílé.