Lọ́rì Dẹ́rẹ́bà Nínú Ayé Olóòrùn Méjì

Ó ti rẹ ọkọ mi. Dẹ́rẹ́bà ni gbogbo ènìyàn ń pè é síbẹ̀, bí àìsàn tilẹ̀ ti gba apá òsì rẹ̀, tí ọkọ̀ ti di ohun tó ń wò láti ojú fèrèsé. Ohun tó ń dùn ún ju apá lọ ni ìrìn àjò tó fi kẹ́yìn. Àárín ọ̀nà ni àìsàn ti dá a dúró, ẹlòmíràn ló wa lọ́rì rẹ̀ délé. “Ìyá wọn, mi ò tíì dé,” bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí lórí àga. “Mo ṣì wà lójú ọ̀nà.”

Àbíkẹ́yìn wa, tó ń ránṣọ ní iléeṣẹ́, ló gbé géèmù kan wálé kí ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀ lè rí nǹkan ṣe. Eré ọkọ̀ ni, nínú tẹlifíṣọ̀n, ní ayé kan tó ní oòrùn méjì. Háà, ẹ wá wo ayé! Òjò ibẹ̀ ń jẹ irin bí ikán ṣe ń jẹ igi. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ ń hó. Atẹ́gùn ibẹ̀ a gbé ọkọ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ. Bí oòrùn kejì bá sì ti wọ̀, ibodè tí eré ìje parí sí á tì gbọin. Ẹni tó bá kù síta, kò dé nìyẹn.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kálukú á to ọkọ̀ tirẹ̀ jọ. Àbíkẹ́yìn to tirẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó fi iná tí yóò máa tì í sáré sí i nídìí. Dẹ́rẹ́bà to lọ́rì: táyà ràgàjì, páànù tó nípọn lórí, àti ṣéènì gígùn tó ní ìkọ́ níwájú. Ó ní kí n bá òun wọ bàtà ìwakọ̀ òun.

“Bàbá mi, kí lẹ fẹ́ fi ṣéènì ṣe? Eré ìje nìyí o, a ò kó sìmẹ́ǹtì.”

“Ẹni tó bá jáde láìmú ṣéènì, ẹsẹ̀ ló fẹ́ fi rìn bọ̀.”

Bí òjò bá ń rọ̀, á páàkì sábẹ́ àpáta. Bó bá dé kọ́nà, á fọn họ́ọ̀nù.

“Ta lẹ ń fọn ọ́n fún?”

“Ẹni tí mi ò rí.”

Ojoojúmọ́ ni ibodè ń tì mọ́ ọn síta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àbíkẹ́yìn ti ibi iṣẹ́ dé, ojú rẹ̀ wú fún àìsùn òru. Bàbá rẹ̀ ní, “Bí mi ò bá dé lónìí, ẹ gbé géèmù yìí kúrò níwájú mi. Ó tó.” Mo rí i pé òótọ́ ló ń sọ. Mo bá gbé orin fún un:

*Rọra yí o, ẹsẹ̀ ọkọ̀,*
*Ilé ò ní í sá lọ,*
*Rọra yí.*

Lọ́jọ́ náà, kò páàkì. Òjò ń jẹ páànù, òun ń lọ. Ibodè ti ń yọ lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí oorun gbé Àbíkẹ́yìn lọ lórí àga. Ọkọ̀ rẹ̀ yà sínú ẹrẹ̀ tó ń hó, ó rì. Ọ̀nà mọ́ níwájú Dẹ́rẹ́bà. Ó tẹ bíréékì.

Ọmọ ta jí. “Bàbá mi, ẹ máa lọ! Oòrùn ti ń wọ̀!”

“Pa ẹnu ẹ dé. Ta ní í kọjá ọkọ̀ tó rì?”

Ó ju ìkọ́ sí i nídìí, ó fi rìfáàsì fà á. Òógùn bò ó lójú. Ọkọ̀ jáde. Oòrùn ò ju èékánná lọ mọ́. Àbíkẹ́yìn yà fún ẹrẹ̀, ó tanná ìdí ọkọ̀, ó di eré, àfi gbàà! Dẹ́rẹ́bà ti gbàgbé láti tú ṣéènì. Lọ́rì fò tẹ̀lé e bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà. Atẹ́gùn dé, ó fẹ́ gbé ọkọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé e tòun ti lọ́rì? Wọ́n wọlé gbuurugbu. Ibodè tì sẹ́yìn táyà.

Ọkọ mi la ohùn bí ẹni ń bá èrò ọkọ̀ sọ̀rọ̀: “Ẹ yẹ ẹrù yín wò kí ẹ tó sọ̀ o.”

“Èmi ni mo wọ́ yín dé, ẹ má parọ́!”

“Pẹ̀lú ṣéènì ta ni?”

Ọmọ rẹ́rìn-ín títí, ó gbé orí lé apá òsì bàbá rẹ̀, apá tí àìsàn gbà, ó sùn.

“Ìyá wọn,” ni Dẹ́rẹ́bà wí, “bá mi bọ́ bàtà.”

Mo kúnlẹ̀, eékún mi dún. Ó rẹ èmi náà. Kí n tó tú okùn kejì, ó ti ń hanrun, mo sì fi imú kọ ìyókù orin náà.