Ojú Ìbídùn Lára Ìgò Epo

Ọjà Ìfàngní kò tíì kún lọ́jọ́ tí Raphaël rí ojú ìyàwó rẹ̀ lára ìgò epo pupa. Ó ti tó ọdún méjì tí Ìbídùn ti kú. Ó mú ìgò náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Gèlè aláwọ̀ ewé, àpá kékeré lẹ́bàá ojú, ẹ̀rín tí kì í ṣí ẹnu tán: ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló ya gbogbo rẹ̀.

"Ẹ kú oríire o," ni obìnrin tó ń ta epo wí. "Àṣé ẹ ti fa ìyàwó yín lé àwọn elépo lọ́wọ́!"

Raphaël ra ìgò náà, ó sì kúrò níbẹ̀.

Iṣẹ́ tó fi ń jẹun ni pé ó máa ń kọ àkọlé sára ṣọ́ọ̀bù, ó sì máa ń ya àwọn ẹni mímọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n àwòrán Ìbídùn, kò yà á fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ìsìnkú ló yà á sórí pákó, tó gbé e kọ́ sí yàrá tó ń sùn. Àlejò kì í dé ibẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ti fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ rí: Élodie, àbúrò Ìbídùn, tó jẹ́ olùkọ́ láàárín ìlú. Ilé rẹ̀ ni Raphaël gbà lọ tààrà.

"Ta lo tà á fún?"

"Kí ni mo tà, Ẹ̀gbọ́n?"

Ó gbé ìgò náà ka iwájú rẹ̀. Élodie wò ó títí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Mais non! Mi ò tà á fún ẹnì kankan. Mo kàn gbé e sórí Facebook lọ́jọ́ tí a ṣe ìrántí Ẹ̀gbọ́n Ìbídùn ni. Mo tiẹ̀ kọ orúkọ yín sí i."

"Facebook." Raphaël pe ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó tọ́ ohun kíkorò wò. "Bí kì í bá ṣe ìwọ, báwo ló ṣe dé ara ìgò?"

Élodie kò mọ̀. Àìmọ̀ rẹ̀ yìí gan-an ni Raphaël kò gbà gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ ìkíni rẹ̀ mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí Élodie bá jókòó sí bẹ́ǹṣì kan, Raphaël á dìde lọ sí òmíràn. Àwọn ẹbí náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa ohùn dà bí Élodie bá wọlé dé.

Élodie náà wá ń fura sí àwọn ẹlòmíràn. Ó rántí pé Géraud, tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó ní Daagbé, ti kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé ó rẹwà gan-an. Ó lọ bá a. Géraud búra pé òun kọ́, ṣùgbọ́n kò wo ojú Élodie bó ti ń búra, ọkàn obìnrin náà kò sì balẹ̀. Ìgbà tó délé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ ẹ̀yìn ìgò tí Raphaël fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ wò dáadáa. Wọ́n kọ orúkọ ìlú Lagbé síbẹ̀, àti orúkọ Màdáàmù Véronique.

Ó ránṣẹ́ sí Raphaël pé òun ń lọ bá obìnrin náà.

"A jọ ń lọ ni," ni Raphaël fèsì. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí òun kò bá sí níbẹ̀, àwọn méjèèjì á ti mọ irọ́ tí wọn ó jọ pa.

Orí alùpùpù Élodie ni wọ́n bá lọ. Wọ́n bá Màdáàmù Véronique níbi tí òun àti àwọn obìnrin mélòó kan ti ń rọ epo sínú ìgò. Raphaël béèrè ẹni tó fún un ní àwòrán náà. Obìnrin náà kò tiẹ̀ bẹ̀rù, ó yọ fóònù rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó fún mi. Orí Facebook ni mo ti rí i. Ó wù mí, donc mo mú un. Ohun tí gbogbo ayé ń wò, ṣé kì í ṣe ti gbogbo ayé ni?"

"Ká wò ó yàtọ̀ sí ká fi ta ọjà," ni Élodie wí. "Pé ó wà ní gbangba kò sọ pé kò ní olúwa. Ẹni tó ya àwòrán ni òfin fún ní ẹ̀tọ́ rẹ̀."

Raphaël gba fóònù náà. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán: "Ẹ̀gbọ́n mi Ìbídùn. Raphaël, ọkọ wọn, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà wọ́n." Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Orúkọ mi wà níbí," ló wí fún Véronique. "Kí ló dé tí ẹ kò wá mi?"

Obìnrin náà nu epo ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ. "Mo rò pé ẹ ó kọ̀ ni."

Véronique wá fi ẹnu tọ́ka sí Élodie. "Òun ńkọ́? Ṣé ó tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ yín kó tó gbé e síta?"

"Mo fi rántí ẹ̀gbọ́n mi ni," ni Élodie wí. "Mi ò fi ta nǹkan kan."

"Ṣùgbọ́n o ò bi mí," ni Raphaël wí.

"Mi ò bi yín. Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n."

Véronique ní òun lè fi orúkọ Raphaël kún bébà ara ìgò náà, kí wọ́n jọ máa jẹ èrè rẹ̀. Raphaël ní kò sí èrè tí òun fẹ́ jẹ lórí ojú Ìbídùn, kí wọ́n bó gbogbo rẹ̀. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ìgò sínú omi, wọ́n ń fi èékánná ha bébà kúrò. Raphaël kò jókòó. Ó rìn yí ilé po, ó gbé àwọn àpò sókè, ó sì rí páálí ìgò kan lábẹ́ wọn. Véronique ní òun ti gbàgbé ìyẹn ni. Raphaël gbé e síwájú àwọn tó ń ha bébà.

Kí wọ́n tó gun alùpùpù, ó ní kí Élodie yọ àwòrán náà kúrò lórí Facebook. Élodie yọ ọ́ níṣojú rẹ̀. Síbẹ̀ ó gba fóònù náà, ó wò ó títí ó fi dá a lójú.

Wọ́n ti dé ìdajì ọ̀nà kí Raphaël tó sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn.

"Fọ́tò yẹn gan-an, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà, Ẹ̀gbọ́n."

"Má pa ìyẹn rẹ́. Ṣùgbọ́n ó ṣókùnkùn jù. Wá sílé lọ́jọ́ Àìkú, ká ṣí fèrèsé, kí o tún fọ́tò náà yà."