Ọwọ́ Tó Di Nọ́ọ̀tì Mú

Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá fún yín kí n tó gbàgbé. Mo bá ara mi nínú ọkọ̀ onígbòkun àtijọ́ tí Bàbá wa máa ń tún ṣe létí ọ̀sà. Sàlẹ́ńsà, páìpù tí èéfín ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbà jáde, ti dípẹtà, abẹ́ ibùsùn ni wọ́n sì há a mọ́. Mo dojúbolẹ̀, mo nawọ́, apá mi ń gùn sí i, ó gba ilé ìdáná Ìyá wa kọjá. Mo fi sípánà tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó kàn ń yí lásán, torí kò sẹ́ni tó di ìdí rẹ̀ mú lódìkejì, bí àwa méjèèjì ṣe máa ń ṣe fún Bàbá nígbà ayé wọn. Ni mo bá gbọ́ ohùn wọn lọ́hùn-ún:

“Mo ti dì í mú. Máa tú u.”

Ìka wọn kan tèmi. N ò fẹ́ tú u mọ́, Àǹtí mi. Ṣùgbọ́n ó tú. Ni mo bá jí.