Má Jẹ́ Kí Ó Rí Ẹsẹ̀ Mi

Iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Yábàá fẹ́ mọ ohun tí ìrìnàjò ń ṣe sí ara ènìyàn. Motúnráyọ̀, nọ́ọ̀sì wọn, a máa yẹ àwọn tó ń lọ sókè òkun wò kí wọ́n tó lọ. Tí wọ́n bá dé ọ̀hún, a máa bi wọ́n léèrè ara wọn lórí fóònù. A sì máa yẹ ẹnì kan wò nínú ilé tí wọ́n fi sílẹ̀. Òfin kan ló wà: ohun tí ẹni tó lọ bá sọ, ẹni tó kù kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó kù.

Lateefah lọ sí Ìlú Ọba láti máa tọ́jú àwọn arúgbó. Bàbá rẹ̀, Mùktárù, káfíńtà ní Muṣin, ló kù sílé. Ìyá ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí.

Ní ọdún kejì, Motúnráyọ̀ bá Bàbá nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú.

"Dókítà ní kíndìnrín ni. Lateefah ò gbọdọ̀ gbọ́ o."

"Ẹ jẹ́ kó gbọ́, sà. Ọmọ yín mà ni."

"Tó bá gbọ́, á sáré wálé, iṣẹ́ ibẹ̀ á sì bọ́. Òfin yín ńkọ́, nọ́ọ̀sì? Àbí kí n fẹjọ́ ẹ sun ọ̀gá ẹ ní Yábàá?"

Fóònù Bàbá dún. Lateefah ni, ó fẹ́ rí ojú bàbá rẹ̀. Bàbá dé fìlà, ó mú ìfági.

"Bá mi gbé e dání. Má jẹ́ kí ó rí ẹsẹ̀ mi."

Motúnráyọ̀ gbé fóònù náà sókè. Bàbá ń fá pákó tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ ò ní sinmi ni? Ẹ fẹ́ fá gbogbo igi Èkó tán?"

"Ìwọ náà ńkọ́, aláṣọ iṣẹ́?"

"Mo ń lọ síbi iṣẹ́ báyìí ni, sà."

Motúnráyọ̀ mọ̀ pé kò lọ síbì kankan. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Lateefah ti sọ fún un pé ibi tí òun ti ń gbé arúgbó kan dìde ni ẹ̀yìn òun ti yẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún òun, iṣẹ́ sì ti bọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń wọ aṣọ iṣẹ́ nítorí bàbá rẹ̀. "Àǹtí, ó ń ṣe mí bíi kí n wálé wá jókòó tì wọ́n. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rí mi báyìí, wọn ò ní lè sùn mọ́."

Motúnráyọ̀ sọ fún ọ̀gá rẹ̀, Jude. "Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ ọ́ fúnra wọn," ni Jude wí. "Ìwọ má sọ ọ́." Ó bẹ baba, ó bẹ ọmọ. Èsì kan náà ni àwọn méjèèjì fún un: ó di lẹ́yìn Iléyá.

Bàbá kò rí Iléyá. Àárọ̀ Jímọ̀ ló kú. Kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti sin ín. Orí fóònù ni Lateefah ti wo ìsìnkú náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ló pe Motúnráyọ̀.

"Àǹtí, wọ́n ní kíndìnrín ló pa wọ́n. Ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ọjọ́ tí wọ́n ń fá pákó yẹn, ta ló gbé fóònù dání?"

"Èmi ni."

"Ti ẹ̀yìn mi ńkọ́? Ṣé wọ́n gbọ́ kí wọ́n tó lọ?"

"Wọn ò gbọ́."

"Alihamudulilahi," ni Lateefah wí. Lẹ́yìn náà ni Motúnráyọ̀ gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì ń han, bíi pé ẹni tó wà lórí rẹ̀ ń gbìyànjú láti dìde.