Ohun Tí Kakule Ṣe Lójú Ọ̀nà

Gẹ̀ẹ́sì yìí, èdè wàhálà ni. Ọ̀rọ̀ ò tíì kúrò lẹ́nu ẹni, wọ́n ti ń béèrè ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó ti kọjá la ń kọ́ bá a ṣe ń sọ lọ́sẹ̀ yẹn, nínú àgọ́ àwa tá a sá ogun wá sí Uganda láti Kóńgò. Ẹni tó bá sọ ọ́ tó gún, Tíṣà Atuhaire á ní ká pàtẹ́wọ́ fún un.

Kavugho, aládùúgbò mi, ló jókòó tì mí. Ọjọ́ tógun tú abúlé wa ká ló rí Mumbere, àkọ́bí rẹ̀, kẹ́yìn. Àwọn kan ní kó ṣọ̀fọ̀ ọmọ náà kó sinmi. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, a kì í sunkún ẹni tẹ́nì kankan ò rí òkú rẹ̀. Ẹni tó bá dán an wò, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ sin alààyè nìyẹn.

Kavugho a máa jágbe mọ́ wọn pé, "Ẹ mẹ́nu yín kúrò lára ọmọ mi! Ó ń bọ̀."

Ó wá kan Kakule, àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àgọ́. Onítìjú èèyàn, ó ti làágùn yọ̀bọ̀.

Mo ní, "Dìde jàre, Gẹ̀ẹ́sì ò ní pa ẹ́ jẹ."

Tíṣà ní kó sọ ohun tó ṣe lójú ọ̀nà. Ló bá rọra ń kó Gẹ̀ẹ́sì jọ: "Mo sọdá odò. Mo rí òkú ọmọkùnrin kan. Mo sin ín. Mo gbé chukudu rẹ̀ lé orí sàréè."

Chukudu ni kẹ̀kẹ́ onígi tá a fi ń kó ẹrù nílé. Kò ṣi ẹyọ kan! Inú Tíṣà dùn dé ọrùn, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ti Kavugho ló ròkè jù.

"O káre, ọmọ mi!"

Àfi bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dúró. Ó fi èdè wa bi í pé, "Chukudu yẹn, ṣé wọ́n kọ nǹkan sí i lára?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mama. Wọ́n kọ 'Ìyá Mi Á Sinmi' sí i."

Kavugho jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ojú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé o pa á dé?"

"Mo pa á dé, Mama."

Tíṣà ò gbọ́ èdè wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí Kavugho fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ìbéèrè rẹ̀. Inú bí mi burúkú. Mo ní kí Tíṣà panu mọ́, kó jọ̀ọ́, kó panu mọ́.

Kavugho tú gèlè rẹ̀. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Katungu," ló pè mí, "wọ́n ní wọ́n sin ọmọ mi, mo sì pàtẹ́wọ́."